Ọgbẹ́ Tí Ojú Kò Rí

Àsọyé lórí ẹ̀bi ẹni tí àìṣọ́ra rẹ̀ kó àrùn bá ọkàn ẹlòmíràn



Àwọn baba wa a máa pa á ní òwe pé, gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí ó ṣe atọ́nà wa ní alẹ́ òní, nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo ìṣòro ọ̀rọ̀ mi wà. Bí ọkọ̀ bá gbá ènìyàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́, ojú gbogbo wa ni yóò rí i. Oníṣègùn yóò di ẹsẹ̀ náà; adájọ́ yóò ka iye owó tí aláìsàn ná àti iye ọjọ́ tí kò fi lè ṣiṣẹ́, yóò sì pàṣẹ pé kí awakọ̀ tí kò ṣọ́ra san án. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà kò bá fi ara kan ẹnikẹ́ni ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ìpayà ni ó mú obìnrin kan ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí oorun sì dá lójú rẹ̀ láti ọjọ́ náà, tí kò lè dá kọjá ní títì mọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè wọn iyọ̀ fún oníbàárà, ta ni yóò san èyí? Báwo sì ni adájọ́ yóò ṣe mọ alángbá tí inú ń run ní tòótọ́ yàtọ̀ sí èyí tí ó kàn da ikùn délẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń bi ara rẹ̀ láti ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ẹ lè wí pé, kí ni ó kàn wá nínú ẹjọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì? Ó kàn wá ní ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní, òfin tí àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìdájọ́ wọn kọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran jẹ́ ọ̀kan nínú gbòǹgbò òfin Nàìjíríà. Bí ìdájọ́ wọn kò tilẹ̀ de àwọn adájọ́ wa mọ́, wọn a máa kà á, wọn a sì máa gbé e yẹ̀ wò. Èkejì, Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, tí a ń pè ní Privy Council, èyí tí ó dá àkọ́kọ́ nínú àwọn ẹjọ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín, ni ó ń gbọ́ ẹjọ́ ìkẹyìn ilẹ̀ wa pẹ̀lú títí di ọdún 1963. Ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wa ni ó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, òfin yìí ni ó sì ń dá ẹjọ́ wọn bí ewu bá ṣẹlẹ̀ sí wọn.

ÌTUMỌ̀ Ọ̀RỌ̀ MÉJÌ

Kí a tó wọ inú ẹjọ́ lọ, ẹ jẹ́ kí a mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjì.

Èkíní ni àìṣọ́ra. Aláìṣọ́ra kì í ṣe ìkà. Kò gbèrò láti pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ni kò ṣe. Ní ọdún 1932, Lord Atkin, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ tí ó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, la ìlànà kan sílẹ̀ pé, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ yàgò fún ìṣe tí ó lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yóò pa aládùúgbò rẹ̀ lára. Ta sì ni aládùúgbò náà? Ẹni tí ìṣe wa lè kàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó yẹ kí a ti rò ó mọ́ ọn kí a tó ṣe é ni. Ẹ fi gbólóhùn yìí sí ọkàn: ẹni tí ó yẹ kí a ti rò. Orí rẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn tí ẹ ó gbọ́ dúró lé.

Èkejì ni ọgbẹ́ ọkàn. Òfin kì í san owó fún ẹkún. Ìbànújẹ́ ẹni tí òkú kú fún, ìbínú, àti ẹ̀rù tí ó bani tí ó sì tún kúrò, gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ ìpín ọmọ aráyé, ilé ẹjọ́ kò sì ní owó gbà-má-bínú fún wọn. Ohun tí òfin ń béèrè ni àìsàn ọkàn tí àwọn oníṣègùn mọ̀ tí wọ́n sì ní orúkọ fún, tí oníṣègùn sì lè dúró níwájú adájọ́ láti jẹ́rìí sí. Ẹ rí i pé ibí yìí ni òfin ti kọ́kọ́ ń ya alángbá kúrò lára alángbá.

ILẸ̀KÙN TÍ A TÌ

Ní ọdún 1886, ní agbègbè Victoria ní ilẹ̀ Ọsirélíà, tọkọtaya kan wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin wọn, wọ́n ń lọ sí ilé ní alẹ́. Wọ́n dé ibi tí ojú irin gbé dábùú ọ̀nà. Aṣọ́bodè, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ti ọ̀nà pa nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀, ni ó ṣí i fún wọn. Wọ́n ń kọjá lọ́wọ́ ni ọkọ̀ náà yọ sí wọn. Díẹ̀ báyìí ni ó kù. Ẹ̀yìn wọn gẹ́lẹ́ ni ó gbà kọjá. Kò fi ara kan ènìyàn, kò fi ara kan ẹṣin. Ṣùgbọ́n obìnrin náà dákú, ó dùbúlẹ̀ àìsàn fún ìgbà pípẹ́, oyún inú rẹ̀ sì bàjẹ́.

Ilé ẹjọ́ ilẹ̀ náà dá wọn láre. Àwọn aláṣẹ ọkọ̀ ojú irin gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1888 ni Ìgbìmọ̀ náà sì yí ìdájọ́ padà. Wọ́n ní ìpalára tí ó ti inú ìpayà nìkan wá, tí ohunkóhun kò kan ara, jìnnà jù sí ìṣe aláìṣọ́ra náà. Wọ́n tún fi kún un pé bí a bá gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó kàn ń sọ pé àwọn ń ṣàìsàn yóò pọ̀. Orúkọ ẹjọ́ náà ni ẹjọ́ Coultas. Ẹ kíyè sí ìdí tí wọ́n fi ṣe é: nítorí alángbá tí ó lè díbọ́n, wọ́n ní kí èyí tí inú ń run máa lọ.

ILẸ̀KÙN TÍ A ṢÍ DÍẸ̀DÍẸ̀

Kò pẹ́ tí àwọn adájọ́ mìíràn fi rí i pé ìdájọ́ yìí kò bá ọgbọ́n mu. Ní ọdún 1901, wọ́n gbé ẹjọ́ Dulieu wá sí ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin aboyún kan dúró ní ìdí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ilé ọtí ọkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan tí ó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin méjì ń fà kò ṣọ́ra, ó sì wa ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ wọ inú ilé náà lọ bámúbámú. Wọn kò kan obìnrin náà, ṣùgbọ́n ìpayà dá a dùbúlẹ̀, ó sì bímọ kí oṣù rẹ̀ tó pé. Adájọ́ Kennedy kọ̀ láti tẹ̀ lé ìdájọ́ ọdún 1888. Ó gbà pé ìpayà nìkan lè sọ ara di aláìsàn, àti pé ẹni tí ó fa ìpayà náà gbọ́dọ̀ san án. Síbẹ̀ ó fi ààlà kan sí i: ẹ̀rù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ewu tí ń bọ̀ wá bá ẹni náà fúnra rẹ̀.

Ààlà yìí kò dúró pẹ́. Ìyá kan ni ó wó o, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí láàyè mọ́ láti gbọ́ ìdájọ́ rẹ̀. Obìnrin yìí sin àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta dé ìdajì ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ náà sì yí kọ́nà lọ, kò rí wọn mọ́. Awakọ̀ kan ti fi ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀ ní orí òkè láìpa ẹ̀rọ rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà yọ́ kúrò ní àyè rẹ̀, ó ń sáré bọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ibi tí àwọn ọmọ náà gbà lọ. Ìyá wọn rí i. Kò sí ohun mìíràn ní ọkàn rẹ̀ ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wọn fara pa ní tòótọ́. Ìyá náà sì ti ipa ìpayà yìí ṣàìsàn, ó sì kú. Ní ọdún 1925, nínú ẹjọ́ Hambrook, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn bi ara rẹ̀ pé: ṣé òfin yóò dá ìyá tí ó bẹ̀rù fún ara rẹ̀ láre, kí ó sì dá ìyá tí ó gbàgbé ara rẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ lẹ́bi? Adájọ́ méjì nínú mẹ́ta ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Atkin tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun tí ìyá náà fi ojú ara rẹ̀ rí tàbí tí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ni ó gbọ́dọ̀ fa àìsàn náà, kì í ṣe ohun tí ẹlòmíràn wá sọ fún un.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń tajà, èyí tí ó kàn yóò yé yín jù wá lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1938, ní ìlú Edinburgh ní ilẹ̀ Skọ́tílándì, obìnrin kan tí ń kiri ẹja sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tráàmù. Oyún inú rẹ̀ ti tó oṣù mẹ́jọ. Bí wọ́n ti ń gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀ rù ú ni alùpùpù kan sáré kọjá ní ìhà kejì, ó sì kọlu mọ́tò níwájú. Ẹni tí ó gùn ún kú. Obìnrin náà kò rí i. Ariwo ni ó gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ó rí ẹ̀jẹ̀ lójú títì. Ọmọ inú rẹ̀ wá sí ayé láìní ẹ̀mí. Ní ọdún 1942, Ilé àwọn Lọ́ọ̀dù, tí ó jẹ́ ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ nígbà náà, dá ẹjọ́ Bourhill yìí, ó sì já obìnrin náà kulẹ̀. Wọ́n ní kò sí nínú ewu, kò sì bá ẹni tí ó kú tan; alálùpùpù náà kò lè ti rò pé ìyára òun yóò kó àìsàn bá ẹni tí ó dúró ní ibi tí ó wà. Ẹ rántí gbólóhùn wa: ẹni tí ó yẹ kí a ti rò. Wọ́n ní obìnrin ẹlẹ́ja yìí kò sí nínú wọn.

Ogójì ọdún kọjá kí ilẹ̀kùn náà tó tún ṣí sí i. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1973, ìyá kan wà ní ilé rẹ̀, ó jìnnà tó máìlì méjì sí ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù gbé kọlu ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó tó wákàtí kan kí ẹnì kan tó wá pè é. Nígbà tí ó dé ilé ìwòsàn, wọ́n sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ tí ó kéré jù ti kú. Ó gbọ́ igbe ọmọ mìíràn, ó rí ọkọ rẹ̀ àti àwọn yòókù pẹ̀lú epo ọkọ̀ àti ẹrẹ̀ ní ara wọn, a kò tíì wẹ̀ wọ́n. Ní ọdún 1982, gbogbo àwọn Lọ́ọ̀dù tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà dá a láre. Wọ́n ní ẹni tí ó dé bá àbájáde ewu náà ní gbígbóná rẹ̀ dà bí ẹni tí ó wà níbẹ̀.

HILLSBOROUGH

Nísinsin yìí ni mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé le jù. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1989, ní pápá bọ́ọ̀lù Hillsborough ní ìlú Sheffield, àwọn ọlọ́pàá jẹ́ kí èrò tí ó pọ̀ jù wọ inú ọgbà tí ó ti kún tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn tẹ ara wọn pa mọ́ ara irin. Lápapọ̀, àwọn tí ó ti ibẹ̀ kú jẹ́ 97. Ẹni ìkẹyìn nínú wọn kú ní ọdún 2021. Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ń fi pápá náà hàn bí ó ti ń ṣẹlẹ̀, àwọn òbí, ìyàwó, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sì ń wò ó nínú ilé wọn.

Ọ̀gá ọlọ́pàá gbà pé òun jẹ̀bi ní ti àwọn tí ó kú àti àwọn tí ó fara pa. Ṣùgbọ́n àwọn ìbátan tí ọkàn wọn ṣàìsàn ńkọ́? Àwọn mẹ́wàá gbé ẹjọ́ wọn dé Ilé àwọn Lọ́ọ̀dù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1991, gbogbo wọn ni a já kulẹ̀. Àwọn Lọ́ọ̀dù ní ẹni tí kò sí nínú ewu fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ohun mẹ́ta hàn: pé ìfẹ́ tí ó jinlẹ̀ wà láàárín òun àti ẹni tí ó kú tàbí tí ó fara pa, pé òun wà níbẹ̀, tàbí pé òun dé ibẹ̀ kété lẹ́yìn náà, àti pé ojú àti etí ara òun ni òun fi mọ̀ ọ́n. Wíwò nínú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán kò tó. Wọ́n ní a lè gba ìfẹ́ òbí sí ọmọ, ti ọkọ sí aya, àti ti àwọn àfẹ́sọ́nà gbọ́ láìsí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ní láti mú ẹ̀rí wá. Ọkùnrin kan wà nínú pápá náà ní ọjọ́ yẹn, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ méjì sì kú níbẹ̀. Òun pẹ̀lú ni a já kulẹ̀, nítorí pé kò mú ẹ̀rí wá pé ìfẹ́ àárín wọn jinlẹ̀.

Àwa tí a máa ń wí pé okùn ọmọ ìyá yi, báwo ni a ó ti gbọ́ èyí? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi òdodo gbọ́ ẹnu àwọn adájọ́ náà pẹ̀lú. Ọgbẹ́ ara kì í kọjá àwọn tí ewu bá. Ọgbẹ́ ọkàn lè ràn dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ó rí i tàbí tí ó gbọ́. Bí aláìṣọ́ra bá ní láti san fún gbogbo wọn, àṣìṣe ìṣẹ́jú kan yóò jẹ gbogbo ohun ìní rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ run. Ó di dandan kí a fi ààlà sí ibì kan. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Àríyànjiyàn mi wà lórí ibi tí wọ́n gbé ààlà náà sí. Ní ọdún 1998, ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn láti máa tún òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ̀ wò dá a ní ìmọ̀ràn pé kí ìfẹ́ tí ó jinlẹ̀ nìkan jẹ́ ààlà, kí a má ṣe béèrè mọ́ bóyá ẹni náà wà níbẹ̀ tàbí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ilé Aṣòfin kò sọ ọ́ di òfin. Ní ọdún kan náà, adájọ́ kan nínú àwọn Lọ́ọ̀dù fi òfin yìí wé aṣọ alábulẹ̀ tí ó ṣòro láti sọ ìdí tí a fi lẹ ègé kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tún fa ààlà náà le sí i. Àwọn ọmọ kan wà níbẹ̀ nígbà tí baba wọn ṣubú lulẹ̀ tí ó sì kú nítorí àrùn ọkàn, wọ́n sì ní ilé ìwòsàn ni kò ṣe àyẹ̀wò tí ó yẹ fún un ní oṣù mẹ́rìnlá ṣáájú. Adájọ́ mẹ́fà nínú méje ní ẹjọ́ wọn kò lè dúró: àìsàn ni ó pa baba wọn, kì í ṣe ìjàm̀bá, iṣẹ́ oníṣègùn sí aláìsàn kò sì kan dídáàbò bo ọkàn àwọn ará ilé rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ibi tí ẹjọ́ àkọ́kọ́ ti wá, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Àwọn òbí kan fi ọmọkùnrin wọn tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sí iṣẹ́ ní oko ẹran tí ó jìnnà, wọ́n sì ṣèlérí fún wọn pé a ó máa mójú tó o. A fi òun nìkan sílẹ̀, ó sá lọ, ó sì kú sínú aṣálẹ̀. Tẹlifóònù ni wọ́n fi sọ fún àwọn òbí náà pé a ń wá a. Ní ọdún 2002, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ ní kò pọn dandan kí wọ́n ti fi ojú rí i. Wọ́n ní ìbéèrè tí ó tọ́ ni èyí: ṣé agbanisíṣẹ́ náà kò ti yẹ kí ó rò pé bí ewu bá bá ọmọ yìí, ọkàn òbí rẹ̀ yóò ṣàìsàn? Ẹ rí i, a tún padà sí gbólóhùn wa.

OHUN TÍ A Ó MÚ LỌ SÍ ILÉ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo èyí. Nígbà tí ẹjọ́ Hillsborough wà níwájú àwọn Lọ́ọ̀dù, wọn kò jiyàn pé ọkàn àwọn ènìyàn náà ń ṣàìsàn. Gbà ni wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n dá ẹjọ́ lé lórí ni ibi tí gbèsè aláìṣọ́ra gbọ́dọ̀ parí sí. Nítorí náà, ilé ẹjọ́ tí ó wí pé, "A kò ní san án fún ọ," kò wí pé, "Kò dùn ọ́." Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n. Ní ọdún 1888 ni wọ́n dà wọ́n pọ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó sì gba òfin láti yà wọ́n.

Àwa pẹ̀lú ní láti yà wọ́n nínú ilé wa. Nígbà tí ẹnì kan bá bọ́ nínú ìjàm̀bá láìfarapa, a máa ń kí i kú oríire, a sì ń retí kí ó ti gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ keje. Bí ó bá ń ta gìrì lóru, tí kò fẹ́ wọ ọkọ̀ mọ́, a ní ojo ni. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ mú un tọ oníṣègùn lọ, kí a sì kọ ohun tí ó ń ṣe é sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Yóò jẹ́ ìwòsàn fún un, yóò sì jẹ́ ẹ̀rí bí ọ̀rọ̀ bá di ti ilé ẹjọ́. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sọ fún wọn pé ọdún mẹ́ta ni òfin ibẹ̀ sábà fi sílẹ̀ fún ẹni tí a pa lára láti pe ẹjọ́, kí wọ́n má ṣe jókòó títí ọjọ́ yóò fi kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọmọ ọlọ́mọ sí iṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn, ààlà tí òfin fi sí gbèsè yín kì í ṣe ààlà ìṣọ́ra yín. Obìnrin ẹlẹ́ja ìlú Edinburgh kò rí owó gbà, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò padà wá. Kí olúkúlùkù wa rò ó kí ó tó tẹ ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ pé iwájú adájọ́ ni a ó ti bi í pé, ta ni ìwọ ìbá ti rò?